Màmá, ẹ má tíì pe káfíńtà kẹta

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ mi láti Iléṣà. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ọmọ ọdún 73 ni mí, olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́fà, èmi nìkan ni mo kù nínú ilé tí a jọ kọ́ lọ́dún 1982. Òrùlé ń jò sí pálọ̀ àti yàrá mi. Káfíńtà àkọ́kọ́ gba owó páànù àti owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣe ọjọ́ kan, n kò rí i mọ́. Èkejì ní kí n ṣí gbogbo òrùlé kúrò kí n fi alumíníọ̀mù tuntun bò ó, owó tó pè kò sí lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa ní òun á bá mi ṣe é ní ìdajì owó yẹn. Kánádà ni àwọn ọmọ mi wà, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n orí ibùsùn mi ni omi ń kán sí. Báwo ni mo ṣe lè rí oníṣẹ́ tí kò ní rẹ́ mi jẹ, tí agbára mi á sì ká?"

Ẹ kú ìfaradà, Màmá. Oníṣẹ́ ni ẹ ń wá, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló wọnú ara wọn nínú ọ̀rọ̀ yín: kí ló ń ṣe ilé yìí gan-an, àti ta ni kí n gbé e fún? Ìbéèrè kejì nìkan ni ẹ ti ń wá ìdáhùn sí látìgbà tí omi ti ń kán. Káfíńtà kan wò ó, ó ní iṣẹ́ kékeré ni. Èkejì wò ó, ó ní gbogbo rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó fi pákó kan tàbí ihò kan hàn yín. Ẹni tí yóò jẹ èrè iṣẹ́ náà ló ń sọ fún yín bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Láti ọdún 1988 tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù nídìí iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìbàdàn, ohun tí mo rí tó ń jẹ owó àwọn àgbàlagbà jù nìyẹn, ó ju olè jíjà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ya ẹni tí yóò yẹ ilé wò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹ san owó díẹ̀ fún ẹnì kan tí kò ní gba iṣẹ́ náà, kó gun òkè àjà, kó wò ó dáadáa, kó ya fọ́tò, kó kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ìgbà yẹn la tó máa wá káfíńtà.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí yín. Ẹ ṣáà ń lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ dìde níbẹ̀ kí ẹ bèèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Ministry of Works tàbí ní ẹ̀ka iṣẹ́ ilé ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yẹ iṣẹ́ kọngílá wò. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ káfíńtà ní Technical College náà dára, ó lè mú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan dání tí yóò bá a gun àkàbà. Ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àyẹ̀wò nìkan ni ẹ ń san owó rẹ̀, pé kò ní sí iṣẹ́ fún òun tàbí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gun ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òrùlé tó ti lé lógójì ọdún ṣe máa ń jò, torí bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kò ní sí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ kó yín láyà jẹ. Páànù ayé ìgbà yẹn, irin tí wọ́n fi síńkì bò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á mú un fẹ̀, ìtútù òru á mú un súnkì, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ìṣó tó kàn án mọ́ pákó kì í bá a sún, nítorí náà ojú ihò ìṣó ni yóò máa gbòòrò díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà kékeré tó wà lábẹ́ orí ìṣó á gbẹ, á là, á bọ́. Omi ti rọ́nà wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ páànù fúnra rẹ̀ lè ṣì le koko. Ibi kejì tí mo máa ń wò ni kòtò tí apá òrùlé méjì ti pàdé, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní fálì. Ewé máńgòrò àti ìtẹ́ ẹyẹ ló máa ń dí i. Omi ò ní rí ibi gbà lọ, á kún, á gba abẹ́ páànù wọnú ilé. Mo bójú tó òrùlé bàbá kan ní Ìbàdàn tó jẹ́ pé kíkó ewé kúrò nínú fálì àti pípààrọ̀ bí ogójì ìṣó péré ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó lọ ta ilẹ̀ kó fi kan òrùlé tuntun. Ibi kẹta ni ríjì, téńté òrùlé, tí ìjì máa ń ṣí. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni pé ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti wọlé. Omi lè wọlé lábẹ́ ríjì, kó máa gba ara pákó sọ̀ kalẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kó tó kán sórí ibùsùn yín. Oníṣẹ́ tó bá kàn gùn lọ sókè ọ̀kánkán ibùsùn yín tó fi ọ̀dà dúdú lẹ ibẹ̀ pa, ibi tí kò jò ló lẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó lọ ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn mú. Kó wọ inú àjà, kó jókòó jẹ́ẹ́, kó pa iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ òkùnkùn náà lára, á rí ihò kọ̀ọ̀kan lókè bí ìràwọ̀. Kó kà wọ́n, kó sì mọ apá ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Bí ihò náà bá tò tẹ̀lé ìlà ìṣó, ìṣó ni ẹ máa pààrọ̀. Bó bá fọ́n káàkiri àárín páànù, páànù ti dógùn-ún lu nìyẹn, kò sí ọ̀dà tó máa gbà á là fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà kó mú ọ̀bẹ tàbí sikirudíráfà, kó fi gún àwọn pákó tó gbé páànù dúró, pàápàá níbi tí pákó ti jókòó lé ògiri. Pákó tó dára kò ní jẹ́ kó wọlé ju díẹ̀ lọ. Èyí tí ikán ti jẹ, ọ̀bẹ á rì sínú rẹ̀ bí ìgbà tí a gún iṣu sísè, ẹ̀ẹ́ sì gbọ́ tí inú rẹ̀ dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ bí ẹ bá lù ú. Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ tí kò dùn: bó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ pákó ló rí bẹ́ẹ̀, káfíńtà kejì kò parọ́ fún yín. Òrùlé tí ikán ti jẹ pákó rẹ̀ lè wó lé ènìyàn lórí, kíkó gbogbo rẹ̀ kúrò ló kù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pákó mẹ́ta mẹ́rin lápá kan, apá yẹn nìkan ni ẹ máa ṣe.

Ohun méjì wà lábẹ́ òrùlé yín tí wọn kò bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn ni ẹ̀rù wọn sì bà mí jù. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1982, asbestos ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀, àwọn pátákó funfun tàbí eérú tó le, tó máa ń fọ́ bí àwo. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lódindi, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá fi ayùn gé e, tàbí tí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, tàbí tí wọ́n gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde mọ́. Àìsàn rẹ̀ lè pẹ́ tó 20 sí 40 ọdún kó tó fara hàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kò fi kà á sí. Bó bá jẹ́ dandan kí wọ́n yọ èyí tó ti rin, kí wọ́n fi omi wọ́n ọn kó tutù dáadáa, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀ kó wá lódindi, kí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé e, kí wọ́n fi ìbòmú bo imú. Ẹ̀yin ẹ kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n má dáná sun ún, kí wọ́n má sì fi ṣe ọgbà adìyẹ. Ohun kejì ni wáyà iná tó wà nínú àjà yẹn kan náà. Rọ́bà ara wáyà àtijọ́ ti gbẹ, ó ti là, òjò sì ń rọ̀ sí i. Bí omi bá ń kán nítòsí gílóòbù tàbí ojú iná, ẹ pa iná gbogbo ilé láti ìdí mítà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ pe rìwáyà kó yọ wáyà ibẹ̀ kúrò. Wáyà tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀, kó jẹ́ bàbà gidi: 1.5 mm² fún gílóòbù, 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní àwọ̀ bàbà kún ọjà. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha orí wáyà náà lójú yín: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà.

Kí n wá sọ ti káfíńtà tó sá lọ. Àwọn tó jẹ́ olè pọ́ńbélé wà, ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rí jù kọ́ nìyẹn. Káfíńtà náà ti gba iṣẹ́ mẹ́ta. Ó ti ná owó páànù ẹni kìíní lórí ilé ẹni kejì tí kò tíì parí. Owó tiyín dé, ó fi lọ parí ti ẹni kìíní, ó ń retí owó ẹni kẹrin tó máa fi ra páànù yín. Ẹni kẹrin ò dé. Ojú tì í, ó pa fóònù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan gba owó ohun èlò lọ́wọ́ onílé, ó ní owó ohun èlò ni iná tó ń jó oníṣẹ́, mo sì ti rí i pé òótọ́ ló sọ. Ẹni rere pàápàá lè sọ ara rẹ̀ di gbèsè lójú yín bí ẹ bá kó gbogbo owó lé e lọ́wọ́. Ní ti owó tó ti gbà, bí ẹ bá ní ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́, ẹ mú un lọ bá alága ẹgbẹ́ káfíńtà ní Iléṣà, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù àdúgbò sìn yín lọ. Ẹgbẹ́ máa ń pè é, wọ́n sì lè fi ẹlòmíràn parí iṣẹ́ náà lórí gbèsè rẹ̀. Bí èyí ò bá so èso, kóòtù ìbílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ kó má baà jẹ́ pé owó ọkọ̀ àti wàhálà á ju ohun tó jẹ yín lọ.

Ní ti ọmọkùnrin inú ìjọ yín, mi ò ní kí ẹ lé e. Àǹfààní kan wà nínú rẹ̀: ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ ẹni tí ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ojú á sì tì í láti sá. Ṣùgbọ́n ìwà ni ìjọ mọ̀ mọ́ ọn, ìjọ kò mọ iṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ bi í léèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ, ibi tí ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù, àti òrùlé méjì tó ti ṣe fúnra rẹ̀. Kí ẹ ránṣẹ́ lọ wò ó. Owó tó pè yìí náà ń kọ mí lóminú. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí owó iṣẹ́ ẹnì kan bá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí ti ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà: pákó tẹ́ẹ́rẹ́, ìṣó tí kò ní rọ́bà, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìgbà tí ìwé àyẹ̀wò bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ìwé kan náà, kí kálukú wọn pe owó lórí iṣẹ́ kan náà. Bí ìdajì rẹ̀ bá ṣì dúró, a jẹ́ pé ó dára.

Ibo wá ni ẹ ti máa rí àwọn méjì tó kù? Mi ò nífẹ̀ẹ́ sí kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páànù, torí oníṣọ́ọ̀bù a máa júwe ẹni tó ń kó oníbàárà wá fún un, wọ́n sì jọ ń pín kọmíṣọ́ọ̀nù. Ẹ wo àdúgbò yín. Ẹ wá ilé tí wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn. Tàná kò wúlò fún yín, torí òrùlé tuntun tí òjò ò tíì pa, gbogbo wọn ló dára. Ẹ bi onílé náà: ṣé ó ti jò láti ìgbà yẹn? Nígbà tí ẹ pè é padà, ṣé ó wá? Ìbéèrè kejì yẹn ni mo kà sí jù, torí kò sí oníṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ní àbùkù, ẹni tó ń padà wá wo àbùkù rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹni tó bá ní ṣẹ́ẹ̀dì tí ènìyàn lè bá a, tó ní ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀, tó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ní ohun tó lè pàdánù. Ẹni tí nọ́ńbà fóònù nìkan jẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti mú ẹnì kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Olùkọ́ ni yín, ìwé kíkọ kò ṣòro fún yín. Iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, iye páànù, ìṣó àti pákó, owó iṣẹ́, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, ẹni tí yóò kó pàǹtí dànù, ẹni tí yóò tọ́jú ọmọṣẹ́ bó bá já láti òkè. Kẹ́yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí aládùúgbò kan jẹ́ ẹlẹ́rìí. Owó ohun èlò kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Kí ọmọ yín ní Kánádà fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, kí ṣọ́ọ̀bù kó ẹrù wá sílé yín, kẹ́yin kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí risíìtì. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù lẹ rà, ẹ kọ géèjì rẹ̀, ìyẹn bó ṣe nípọn tó ní mìlímítà, sínú risíìtì, 0.45 tàbí 0.55, torí wọ́n máa ń ta 0.40 fún ẹni tí kò bèèrè, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Owó iṣẹ́ ẹ pín in sí mẹ́ta: díẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé irinṣẹ́ dé, díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, ìyókù nígbà tí òjò ńlá méjì bá ti rọ̀ tí kò jò. Oníṣẹ́ tó dára á kùn díẹ̀ sí ti ìkẹyìn yìí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́, torí òun náà ní ilé tó ń bọ́. Ẹ lè bá a fi sí ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ má ṣe jẹ́ kó pòórá. Bí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bá wọ̀ ọ́, ẹ gba àpò tó ṣófo lọ́wọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ kà á. Àpò mẹ́wàá tó wọlé, àpò mẹ́wàá tó ṣófo. Èmi fúnra mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, kò sí ẹni tó bínú sí i.

Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ bá yín nìkan. Kí aládùúgbò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìfẹ̀yìntì àti káàdì báǹkì, ẹ kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rán oníṣẹ́ lọ bá yín gba owó ní ATM, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ dáadáa tó. Ẹ má sọ ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì máa ń wọlé létí wọn. Fún wọn lómi, ẹ fún wọn lóúnjẹ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá yín, títì ni kó wà. Ohun kan tún wà tí mi ò lè ṣàì sọ, bí ẹ kò tilẹ̀ bèèrè: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí sọ̀kàwéè yín, kòtò tí ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ, kó má wọ inú rẹ̀. Gáàsì inú rẹ̀ ń pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì máa ń pa ẹni tó bá bẹ́ wọlé láti gba ẹni àkọ́kọ́ là. Ẹ̀yin náà, ẹ má gba orí ìdérí rẹ̀ kọjá mọ́, torí irin inú kọnkéré àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ti lè jẹra tán láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òrùlé ni kó kọ́kọ́ gba owó, torí omi ló ń ba gbogbo ìyókù jẹ́. Iná ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ibi tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀: táìlì tó ń yọ̀ ní balùwẹ̀, àtẹ̀gùn tí kò ní ibi tí ọwọ́ máa dì mú. Wẹ́dà lè fi páìpù kan kan mọ́ ògiri balùwẹ̀ ní ọjọ́ kan, owó rẹ̀ kò tó ohun tí egungun ìbàdí tó kán máa ná yín. Kíkùn ilé, ẹ gbàgbé rẹ̀ lọ́dún yìí. Òrùlé pàápàá, kò di dandan kí ẹ ṣe apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Apá tó wà lókè yàrá yín lè jẹ́ tọdún yìí. Bí ilé méjì mẹ́ta ní òpópónà yín bá ní irú ìṣòro yìí, ẹ jọ pe káfíńtà kan ṣoṣo, kó ṣe wọ́n tẹ̀léra. Bí ọ̀wẹ̀ àtijọ́ ló rí, owó ọkọ̀ àti owó àkàbà á di ẹ̀ẹ̀kan, oníṣẹ́ náà á sì dín owó torí iṣẹ́ pọ̀. Kóópù, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, dára láti yá owó. Àwọn ayánilówó orí fóònù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sún mọ́ wọn, èlé wọn á pọ̀ ju páànù lọ, wọ́n á sì máa dójú ti yín lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín. Àwọn kan máa ń gba ayálégbé kó fi owó ilé tún òrùlé ṣe. Ó máa ń ṣiṣẹ́ bí iye rẹ̀ bá wà nínú ìwé tí ọmọ yín náà sì rí i, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ayálégbé ti sọ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà di ọdún mẹ́ta láìsanwó, nítorí náà òun ni kí ẹ gbìyànjú kẹ́yìn. Páànù àti ìṣó, ẹ lè rà á díẹ̀díẹ̀ pamọ́. Ẹ má ra sìmẹ́ńtì pamọ́, bó bá ti lé lóṣù mẹ́ta agbára rẹ̀ ti ń lọ.

Ìgbà náà ṣe pàtàkì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí òrùlé yín nínú òjò oṣù kẹfà tàbí keje. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tapólì bò ó fún ìsinsìnyí, kí wọ́n fi àpò iyanrìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì kó ewé kúrò nínú fálì. Iṣẹ́ gidi dúró de oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti lọ. Láàárín yìí ni ẹ máa ṣe àyẹ̀wò, ẹ máa gba iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ẹ máa wo iṣẹ́ wọn. Ní ti ògiri, ẹ kò sọ pé ó là, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ibi tó là ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé sísàlẹ̀, tí ìka ọmọdé lè wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ni, ó kọjá èmi àti káfíńtà. Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ ní COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kó wò ó lójúkojú, kì í ṣe ohun tí mo lè fi ìwé dáhùn láti Ìbàdàn.

Lónìí, kí ẹnì kan bá yín gbé ibùsùn kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò. Bí òjò tó ń bọ̀ bá rọ̀, kí ọmọ ilé kejì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin mú pẹ́ńsùlù, kó fi ilà yí ibi tó rin ká lórí àjà, kó kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kẹ́yin kọ ọ́ sínú ìwé yín: ṣé òjò oníjì ni àbí wẹ́liwẹ̀li? Ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀ ló tó kán? Ṣé ó ṣì ń kán lẹ́yìn tí òjò dá? Bó bá jẹ́ ìjì nìkan ló ń mú un jò, ríjì ni mo fura sí. Bó bá ń kán fún wákàtí kan lẹ́yìn tí òjò ti dá, fálì ló gba omi dúró. Bó bá kán lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀ rárá, kí wọ́n wo páìpù tó ti inú tánkì wá. Ẹ ṣe é fún òjò mẹ́ta, kí ẹ fi èsì rẹ̀ àti fọ́tò ilà pẹ́ńsùlù náà ránṣẹ́ sí mi, màá kọ̀wé padà sí yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.